Ẹ Jẹ́ Ká Yé Fi ACE Nìkan Ṣèdájọ́ Sarcoidosis

Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní ẹ̀ka wa yìí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo la fi ń tọpinpin sarcoidosis, mẹ́sàn-án nínú wọn á ti dáhùn kí ẹ tó parí ìbéèrè: ACE. Ẹnì kẹwàá á wúkọ́ díẹ̀, á ní angiotensin-converting enzyme, kí ẹ lè mọ̀ pé òun mọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ìdí tí ìdáhùn yìí fi yá lẹ́nu wa kò farasin. Ó wà nínú past question, ó wà nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn tó ti jáde fi sílẹ̀ fún wa, kò sì ṣòro láti há sórí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìdáhùn náà kò pé, àti pé bí a bá gbé e dé ẹnu iṣẹ́ bó ṣe wà yẹn, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀.

N kò ní ká da ACE nù o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí àmì kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ tó lè dá sọ fún wa bóyá iná àìsàn yìí ṣì ń jó tàbí ó ti kú. Mo sì tún ń sọ pé kálísíọ̀mù, tí gbogbo wa fojú kéré nítorí pé ojoojúmọ́ là ń ṣe é, ló yẹ kó ṣáájú ACE lọ́kàn wa.

Fún àwọn tó ṣì wà ní ọdún kìíní àti ìkejì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àìsàn náà jẹ́. Jonathan Hutchinson, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀n, ti kọ nípa awọ ara aláìsàn kan tó ní in ní 1877. Caesar Boeck ní Norway ló wá fún un ní orúkọ tó dàgbà di sarcoidosis, ní 1899, nítorí pé ohun tó rí lábẹ́ ẹ̀rọ awò-nǹkan-kékeré jọ sarcoma lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹjẹrẹ. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ohun tó ń fà á. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan, macrophage àti T cell, máa ń ṣù jọ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sé ọ̀tá kan mọ́, wọ́n á sì di kókó kéékèèké tí à ń pè ní granuloma. Inú ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn lymph node inú àyà ni kókó yìí ti wọ́pọ̀ jù, àmọ́ ó lè wà nínú ojú, awọ ara, ẹ̀dọ̀, ọkàn, àní nínú ọpọlọ pàápàá.

Ohun tó wá mú kí àìsàn yìí ṣòro ṣọ́ ni pé ọ̀nà rẹ̀ kò dọ́gba. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ láìlo oògùn kankan. Lára àwọn mìíràn, ó máa ń jó títí tí ẹ̀dọ̀fóró á fi di àpá. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá padà wá, ìbéèrè kan náà ló wà lọ́rùn dókítà: ṣé iná ṣì ń jó, ṣé ó ń kú lọ, àbí eérú nìkan ló kù? Prednisolone lè pa iná, ṣùgbọ́n kò lè tún àpá ṣe. Bẹ́ẹ̀ prednisolone kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń jẹ ṣeré. Ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru dìde, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ó sì ń dín agbára ara láti kojú kòkòrò àrùn kù. Ẹni tí a bá fi nọ́ńbà tí kò tọ́ bu oògùn yìí fún yóò ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí a bá fi nọ́ńbà tí kò tọ́ gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lè pàdánù ojú tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa ará láàbù gbọ̀ngbọ̀n.

Ní 1975, Jack Lieberman ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde pé ACE ga nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní sarcoidosis, àti pé kò ga bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lo oògùn steroid. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú granuloma fúnra wọn ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù yìí. Bí kókó bá pọ̀, ACE á pọ̀. Bí kókó bá ń yọ́, ACE á máa wálẹ̀. Ẹ tún rántí ohun tó wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà: àyẹ̀wò tí Ansgar Kveim ṣàwárí ní 1941, nínú èyí tí wọ́n máa ń lọ ẹran-ara tí wọ́n gé lára aláìsàn sarcoidosis kan, tí wọ́n á gún un sábẹ́ awọ ẹlòmíràn, tí wọ́n á sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó gé ibẹ̀ wò. (Mo fẹ́ mọ ọ̀gá láàbù tó máa fọwọ́ sí irú rẹ̀ lónìí.) Ta ni kò ní yọ̀ bí wọ́n bá ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán lè gbapò rẹ̀?

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni jíìnì. Ní 1990, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé jíìnì tó ń ṣe ACE ní oríṣi méjì: ọ̀kan ní ègé DNA kan nínú, èkejì kò ní in. A máa ń pe àkọ́kọ́ ní I, a sì ń pe èkejì ní D. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló fà tó ìdajì gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ACE ẹnì kan àti ti ẹlòmíràn láàárín àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá. Ẹni tó gba D méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, á máa ní ACE tó pọ̀. Ẹni tó gba I méjì, tirẹ̀ á kéré.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí lórí ìwé èsì. Ká ní gbèdéke láàbù kan bẹ̀rẹ̀ láti 8, ó sì parí sí 52. Obìnrin kan wà tó jẹ́ I méjì. Nígbà tí ara rẹ̀ dá, 15 ni tirẹ̀. Sarcoidosis dé, ACE rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 45. Kọ̀ǹpútà wa á tẹ èsì náà jáde láìsí àmì kankan lára rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ D méjì, kò ní àìsàn kankan, àmọ́ 55 ni tirẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dàgbà. Kọ̀ǹpútà á fi H gàgàrà sí i, ó sì lè jẹ́ ikọ́ lásán ló gbé e wá. Mo kàn ṣe àwọn nọ́ńbà yìí fún àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Láàbù mélòó ló ń yẹ jíìnì wò kí wọ́n tó tẹ èsì ACE jáde? Èmi ò tíì rí ọ̀kan.

Ìṣòro kejì ni oògùn, òun gan-an ló sì ń dùn mí jù nítorí ó wà lójú gbangba. Lisinopril, ramipril, enalapril: iṣẹ́ tí a rán wọn ni pé kí wọ́n dí ACE lọ́wọ́, àní orúkọ tí à ń pè wọ́n ni ACE inhibitor. Ẹni tó bá ń lò wọ́n, bí granuloma kún inú àyà rẹ̀ bámúbámú, àyẹ̀wò tó ń wọn iṣẹ́ tí ẹ́ńsáìmù náà ń ṣe lè sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ wá ro ó bí ó ṣe máa ń tẹ̀ léra. Aláìsàn bẹ̀rẹ̀ prednisolone. Prednisolone gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Wọ́n fún un ní lisinopril nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ACE ti já wálẹ̀ wìì. Gbogbo ènìyàn á máa yọ̀ pé ìtọ́jú ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa nọ́ńbà, iná lè ṣì wà níbi tó wà. Losartan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í dí ACE lọ́wọ́ ní tiwọn. Nítorí náà "ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru" kò tó ní kíkọ sórí fọ́ọ̀mù, orúkọ oògùn la fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ kan dé láti wọ́ọ̀dù tí wọ́n fẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí láàbù mìíràn fún ACE. Lórí fọ́ọ̀mù, orúkọ, ọjọ́ orí àti "sarcoid?" nìkan ló wà. Ọ̀gá tí mò ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn ní kí n pe wọ́ọ̀dù. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sístà, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ni ìyá yìí ń lò?" Sístà ka ìwé oògùn fún mi lórí fóònù, lisinopril ló wà lókè pátápátá. Ọ̀gá bá dókítà sọ̀rọ̀, wọn ò sì fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ mọ́. Ìpè ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Owó àyẹ̀wò yẹn, àpò àwọn ọmọ ìyá náà ni ì bá ti jáde, fún nọ́ńbà tí kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìyókù n óò kọjá lórí rẹ̀ kíákíá. ACE nílò zinc kó tó lè ṣiṣẹ́, EDTA sì máa ń gba zinc mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú túùbù ọlọ́mọrí àlùkò kò dára fún un. Serum ni kí ẹ lò. Ẹ̀jẹ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́ nínú rẹ̀ lè ba èsì jẹ́. Ti àwọn ọmọdé máa ń ga ju ti àgbà lọ. Ẹ̀tẹ̀ lè gbé ACE sókè, bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀gbẹ, àìsàn Gaucher, họ́mónù ọ̀nà ọ̀fun tó pọ̀ jù, àti eruku òkúta tí àwọn tó ń fọ́ òkúta ń fà símú. Ikọ́ ife náà lè gbé e sókè, n óò sì padà síbẹ̀.

Èyí tó wá burú jù lójú tèmi ni pé, bí nǹkan gbogbo bá tilẹ̀ lọ déédéé, iye granuloma tó wà nínú gbogbo ara ni ACE ń gbìyànjú láti sọ. Kò sọ ibi tí wọ́n wà. Kókó díẹ̀ tó jókòó sórí ọ̀nà iná mànàmáná inú ọkàn lè dá ọkàn dúró lójijì. Díẹ̀ nínú ojú lè fọ́ ojú. Díẹ̀ yẹn kò tó ohun tí ACE á fi ga. Bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn lè ní ACE tó ga gan-an, kí ó máa sáré ní pápá lójoojúmọ́, kí ó má nílò oògùn rárá. "Iná ń jó" yàtọ̀ sí "iná ń jó ibi tó léwu", ẹ̀jẹ̀ kì í sì í sábà mọ ìyàtọ̀ náà.

Ṣé kò wá sí àwọn mìíràn ni? Wọ́n wà. Soluble IL-2 receptor, tí àwọn T cell tó ti gbára dì fún ìjà ń já sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, dára ju ACE lọ láti fi tọpinpin àìsàn yìí nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí T cell bá ti ń jà ló ti máa ń ga: lymphoma, ikọ́ ife, àwọn àìsàn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà, bí kíndìnrín kò bá sì ṣiṣẹ́ dáadáa, ó tún máa ń ga. Chitotriosidase, tí macrophage ń ṣe, dára pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn kan wà tí jíìnì wọn kò jẹ́ kí wọ́n ní in rárá, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù. Àbùkù jíìnì yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó yẹ kí èyí mú kí ẹnì kan nínú wa, níbi tó bá ti ń wá àkòrí fún iṣẹ́ ìwádìí, dúró ronú. ESR ńkọ́? Àìtó ẹ̀jẹ̀, ibà, oyún, gbogbo wọn ló ń gbé e sókè níbí. CRP náà sábà máa ń wà ní gbèdéke bí ó bá jẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni àìsàn náà wà, àyàfi nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì pẹ̀lú ibà, oríkèé wíwú àti kókó pupa lójúgun, èyí tí à ń pè ní Löfgren.

Ó wá kan kálísíọ̀mù.

Nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá, kíndìnrín ló ń sọ fítámínì D di èyí tó lágbára jù, calcitriol, họ́mónù parathyroid ló sì ń pàṣẹ fún un ìgbà tó yẹ kó ṣe é àti ìgbà tó yẹ kó sinmi. Macrophage inú granuloma ní irú ẹ́ńsáìmù kan náà, àmọ́ kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣe calcitriol bó ṣe wù ú. Ìfun á máa fa kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wọlé lójú kòkòrò, egungun á máa tú tirẹ̀ sílẹ̀, ìtọ̀ á kọ́kọ́ kún fún un, nígbà tó bá yá ẹ̀jẹ̀ náà á kún. Harrell àti Fisher ti rí kálísíọ̀mù tó ga nínú àwọn aláìsàn yìí láti 1939. Ní 1983, John Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba macrophage láti inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ní sarcoidosis, wọ́n fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń dá ṣe calcitriol fúnra wọn.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà yìí àti ACE. Bí ACE bá ga, a ó máa jiyàn lórí ohun tó túmọ̀ sí. Bí kálísíọ̀mù bá ga, nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ewu: òùngbẹ, àìlèyàgbẹ́, òkúta inú kíndìnrín, ọpọlọ tó dàrú, kíndìnrín tó ń kú lọ láìpariwo. Kò pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí tí tinú ẹ̀jẹ̀ ń ga, bí ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Tinú ìtọ̀ wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ American Thoracic Society gbé ìlànà wọn lórí àyẹ̀wò sarcoidosis jáde ní 2020, nínú gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbogbo ẹnu sọ: kí a yẹ kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wò lára ẹni tí kò tilẹ̀ ní àmì kankan pé ó ga. Wọ́n gbà pé ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò nípọn. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àyẹ̀wò náà rọrùn, ìpalára tó lè dí lọ́nà sì tóbi.

Ọ̀fìn kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀. Nítorí pé granuloma ń jẹ fítámínì D tó wà ní ìpamọ́ tán láti fi ṣe calcitriol, àyẹ̀wò fítámínì D tí a sábà máa ń ṣe, 25-hydroxy, lè wálẹ̀. Ẹni tó bá rí i á ní, "Háà, kò ní fítámínì D tó," á kọ èyí tó lágbára fún un. Epo ló dà sí iná yẹn. Láti ìgbà kòrónà, àìmọye ènìyàn ló ń ra fítámínì D pẹ̀lú zinc ní ilé oògùn láìbi dókítà kankan. Bí ọ̀rọ̀ fítámínì D bá délẹ̀ lára ẹni tó ní sarcoidosis, oríṣi méjèèjì ni kí a wọ̀n, 25-hydroxy àti 1,25-dihydroxy, kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní hóró kan.

Kálísíọ̀mù náà ní àrékérekè tirẹ̀, àmọ́ wọ́n jẹ́ èyí tí a mọ̀ bí a ṣe ń kojú. Apá kan rẹ̀ máa ń so mọ́ albumin, aláìsàn tó ti rù sì lè ní albumin tó kéré. Ká ní kálísíọ̀mù jẹ́ 2.50 mmol/L, albumin 28 g/L. Èsì náà mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 0.02 ṣe ìsọdipúpọ̀ ohun tí albumin fi dín sí 40, ìyẹn 12, a ó rí 0.24, a fi kún un, ó di 2.74, ó sì ti kọjá 2.60 tí ọ̀pọ̀ láàbù fi ṣe òpin. Kò sí ẹ̀rọ tuntun kankan nínú ìyẹn, ìṣirò kíláàsì ni. Ẹ má jẹ́ kí okùn pẹ́ lápá aláìsàn nígbà tí ẹ bá ń fa ẹ̀jẹ̀, torí ó ń gbé e sókè. Ẹ má sì jẹ́ kí EDTA kankan kàn án, torí ó ń fà á wálẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, bí ẹnì kan bá ń wúkọ́, tó ń rù, tí àbàwọ́n sì wà nínú àwòrán àyà rẹ̀, ikọ́ ife lọkàn gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wá rò pé ACE ló máa yà á sọ́tọ̀ kúrò lára sarcoidosis. Kò lè yà á. Ikọ́ ife náà ń ṣe granuloma, macrophage tirẹ̀ náà lè ṣe calcitriol, kálísíọ̀mù tirẹ̀ náà lè ga, ACE tirẹ̀ náà lè ga. Àyẹ̀wò Mantoux pàápàá lè má mú nǹkan kan jáde lára ẹni tó ní sarcoidosis, torí awọ ara wọn sábà máa ń kọ̀ láti dáhùn. GeneXpert, gbígbin kòkòrò, àti gígé ẹran-ara wò lábẹ́ ẹ̀rọ ló lè là wá. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò kéré: bí a bá fi ACE tó ga sọ pé sarcoidosis ni, tí a wá bẹ̀rẹ̀ prednisolone fún ẹni tó ní ikọ́ ife, a ti ṣí ilẹ̀kùn fún kòkòrò náà. Bí a bá sì yí i padà, aláìsàn sarcoidosis á jẹ oògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á máa di àpá lọ.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kí ló dé tí mò ń da ara mi láàmú, ṣé àìsàn àwọn òyìnbó kọ́ ni? Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Detroit, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, rí i pé láàárín ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000 ènìyàn, àwọn ènìyàn dúdú tó ń ní in lọ́dún jẹ́ 35.5, àwọn funfun jẹ́ 10.9. Ó sì máa ń le lára àwọn dúdú náà jù. Bernie Mac, aláwàdà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nínú sinimá, wà lára àwọn tó ní in. N kò sọ pé bó ṣe rí ní Detroit náà ló rí ní Ìbàdàn. Ibi tí wọ́n ń gbé àti ohun tí wọ́n ń fà símú yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a kì í ti í gé ẹran-ara wò, a ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé àìsàn kan kò sí níbẹ̀.

Ẹnì kan nínú yín á ní, bí àwọn àmì yìí bá burú tó báyìí, kí ló dé tí a ò pa gbogbo wọn tì, ká gbájú mọ́ àwòrán àyà àti èémí fífẹ́? N kò gbà. Aláìsàn kan náà, láàbù kan náà, ọ̀nà àyẹ̀wò kan náà, oògùn tí a mọ̀: bí nọ́ńbà bá yí padà lábẹ́ irú ipò bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tó ń sọ. Ẹni tí ACE tàbí IL-2 receptor rẹ̀ ga kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tó wálẹ̀ nígbà ìtọ́jú, tó tún wá ń gòkè lẹ́yìn tí wọ́n dín prednisolone kù, ó yẹ kí dókítà tètè pè é wá kí ó yẹ àyà àti ojú rẹ̀ wò. Ẹni tí tirẹ̀ kò ga láti ìbẹ̀rẹ̀, a kò ní máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún nǹkan tí kò ní sọ nǹkan kan fún wa. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí a gbà kí hóró oògùn àkọ́kọ́ tó wọ ẹnu. Òun gan-an ló sì sábà máa ń sọnù.

Ẹlòmíràn á ní dókítà ló ń túmọ̀ èsì, kí ló kan láàbù? Dókítà kò mọ túùbù tí a lò. Kò mọ̀ pé a ti yí ọ̀nà àyẹ̀wò padà láti oṣù tó kọjá. Kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà pupa nígbà tí a yí i tán. Àwa la mọ̀ ọ́n. Ìlà kan lábẹ́ èsì tó: "ACE wà ní gbèdéke, èyí kò fi hàn pé sarcoidosis kò sí tàbí pé ó ti rọlẹ̀. A kò mọ̀ bóyá aláìsàn ń lo ACE inhibitor." Ẹni tó bá kà á á ronú lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó gbé kálámù.

Sí àwọn olùkọ́ wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ìbéèrè "dárúkọ àmì inú ẹ̀jẹ̀ kan fún sarcoidosis" ti tó ọdún tó yẹ kó fẹ̀yìn tì. Ẹ fún wa ní aláìsàn tó ń lo prednisolone àti ramipril, ẹ fún wa ní ACE tó já wálẹ̀, kálísíọ̀mù 2.50, albumin 28, kí ẹ sì ní ká sọ ohun tí a máa kọ sábẹ́ èsì náà.

Sí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní láàbù tiyín: bí ẹ bá ń ta àkójọ àyẹ̀wò fún sarcoidosis, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kálísíọ̀mù, albumin, creatinine, alkaline phosphatase àti kíka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, kí ACE sì wà fún ẹni tó bá béèrè rẹ̀ tó sì mọ ìdí. Ẹ tún wo fọ́ọ̀mù yín. Àyè tí mo ní kí ẹ fi kún un kò ju ìlà méjì lọ: orúkọ gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò, títí kan fítámínì, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ prednisolone.